Bí Ẹ Ṣe Lè Ṣètò Ímeèlì Yín Kí Ó Kọ́kọ́ Gba Lẹ́tà Wọlé Kí Ó Tó Fi Tiyín Ránṣẹ́

Lẹ́tà ń wọlé sínú kọ̀ǹpútà yín láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n èyí tí ẹ bá kọ sí ará ìta kì í jáde. Bí ẹ bá ti tẹ bọ́tìnnì ìfiránṣẹ́, kì í pẹ́ tí sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń gba lẹ́tà yín sílẹ̀ tó sì ń gbé e lọ) fi ń kọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ bíi “554 5.7.1 Relay access denied”, tàbí “550 relay not permitted”, tàbí “553 sorry, that domain isn't in my list of allowed rcpthosts”. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí ni yóò pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà, tí yóò yọ ètò ímeèlì kúrò lórí kọ̀ǹpútà, tí yóò tún un fi sí i, tí ilẹ̀ yóò fi ṣú, síbẹ̀ ojú kan náà ni ọ̀rọ̀ yóò wà. Ọ̀rọ̀ aṣínà wọn kò ní àbùkù. Òfin kan ló wà lórí sáfà náà: kò ní bá ẹnikẹ́ni gbé lẹ́tà lọ síta àfi ẹni tó ti kọ́kọ́ wá gba lẹ́tà tirẹ̀ láti ibi kan náà, láìpẹ́ sí àkókò yẹn. Òfin yìí ni àwọn tó ń bójú tó sáfà ń pè ní “POP before SMTP”: POP ni ọ̀nà tí a fi ń gba lẹ́tà wọlé, SMTP sì ni èyí tí a fi ń fi lẹ́tà ránṣẹ́.

Ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ géètì ni ẹ fi sáfà náà wé. Nígbà tí ẹ wọlé wá gba lẹ́tà yín, ó rí i pé ará ilé ni yín, ó sì kọ àdírẹ́sì IP tí ẹ gbà wọlé (nọ́ńbà tí a fi ń dá ìsopọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì yín mọ̀) sínú ìwé rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú tí wọ́n là sílẹ̀ fún un, ẹrùkẹ́rù tí ẹ bá gbé jáde láti àdírẹ́sì yẹn, yóò jẹ́ kí ó kọjá. Bí ìṣẹ́jú náà bá pé, yóò pa orúkọ yín rẹ́. Nítorí náà, ohun mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ bára mu: kí gbígbà ṣáájú fífiránṣẹ́, kí àkókò má tíì kọjá, kí àdírẹ́sì IP má sì yí padà láàárín méjèèjì. Ẹni tó bá mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí yóò mọ ibi tí yóò wò nígbàkúùgbà tí nǹkan bá dàrú.

Ohun tí ẹ nílò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Ẹ kọ àwọn nǹkan wọ̀nyí sórí ìwé kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun lórí kọ̀ǹpútà:

- Orúkọ sáfà tó ń gba lẹ́tà wọlé àti orúkọ èyí tó ń gbé lẹ́tà jáde. Mail.example.com ni mo máa lò fún méjèèjì nínú ìtọ́sọ́nà yìí. Ẹ fi tiyín rọ́pò rẹ̀.
- Orúkọ ìwọlé àti ọ̀rọ̀ aṣínà. Lórí ọ̀pọ̀ sáfà, odindi àdírẹ́sì ímeèlì ni orúkọ ìwọlé, kì í ṣe apá tó ṣáájú àmì @ nìkan.
- Nọ́ńbà pọ́ọ̀tù méjèèjì. Pọ́ọ̀tù ni ẹnu ọ̀nà tí ìsopọ̀ ń gbà wọ inú sáfà. Fún POP3, ìyẹn ẹ̀yà POP tí à ń lò, 995 ni ti ìsopọ̀ tí a fi SSL/TLS bò kí ẹlòmíràn má lè kà á, 110 sì ni ti èyí tí a kò bò. Fún ìfiránṣẹ́, ẹ béèrè. 25 ni ó máa ń sábà jẹ́ fún irú sáfà báyìí.
- Iye ìṣẹ́jú tí sáfà fi ń rántí àdírẹ́sì yín. Èyí ni ohun tí àwọn ènìyàn kì í béèrè, òun ló sì ń dààmú wọn jù. Lórí sáfà tó ń lo cPanel (ètò kan tí wọ́n fi ń bójú tó sáfà), tí alábòójútó bá tan ètò yìí, wákàtí kan ni. Lórí àwọn mìíràn, iye tí alábòójútó bá fẹ́ ni.
- Àdírẹ́sì ímeèlì kejì tó wà ní ibòmíràn pátápátá, bíi ti Gmail. Òun la ó fi ṣe ìdánwò, mo sì máa sọ ìdí rẹ̀ ní ìpele kẹfà.

Ìpele kìíní: Ẹ rí i dájú pé ìṣòro yìí gan-an ló ń ṣe yín

Ẹ ka ọ̀rọ̀ tí sáfà fi dá yín lóhùn tán, kí ẹ má ṣe pa fèrèsé rẹ̀ dé kíákíá. Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ “relay” (kí sáfà bá ènìyàn gbé lẹ́tà lọ síta) tàbí “rcpthosts” níbẹ̀, ibi tó yẹ lẹ wà. Bí nọ́ńbà tó ṣáájú bá jẹ́ 535, orúkọ ìwọlé tàbí ọ̀rọ̀ aṣínà ni kò bá a mu, ìtọ́sọ́nà yìí kò sì ní ràn yín lọ́wọ́. Bí ètò ímeèlì bá sì dúró pẹ́ títí kí ó tó sọ pé òun kò rí sáfà, ó ṣeé ṣe kí ilé-iṣẹ́ tó ń fún yín ní íntánẹ́ẹ̀tì ti dí pọ́ọ̀tù 25. Nígbà náà, ẹ béèrè pọ́ọ̀tù mìíràn lọ́wọ́ alábòójútó sáfà yín.

Lẹ́yìn èyí, ẹ béèrè ìbéèrè kan tó ṣe pàtàkì ju gbogbo ìyókù lọ: ǹjẹ́ sáfà yín ń gba SMTP AUTH? Ìyẹn ni ọ̀nà tí ètò ímeèlì fi ń fi orúkọ ìwọlé àti ọ̀rọ̀ aṣínà hàn nígbà ìfiránṣẹ́ gan-an. Láti ọdún 1999 ni ìlànà rẹ̀ ti wà, ó sì dára ju èyí tí à ń sọ yìí lọ, nítorí pé ẹni tí ẹ jẹ́ ni ó ń yẹ̀ wò, nígbà tí POP before SMTP kàn ń yẹ ibi tí ẹ ti wá wò. Bí sáfà yín bá ń gbà á, mo bẹ̀ yín, ẹ dúró níbí, kí ẹ lọ tan ìyẹn. Àwọn tó ń lo Gmail, Yahoo tàbí Outlook.com kò ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú ìtọ́sọ́nà yìí rárá. Àwọn tí a kọ ọ́ fún ni àwọn tí ilé-iṣẹ́ wọn ṣì wà lórí sáfà àtijọ́, tí alábòójútó sì ti sọ fún wọn ní pàtó pé ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n bá gba lẹ́tà ni wọ́n lè fi ránṣẹ́.

Àyẹ̀wò: Ẹni tó ń lo Linux tàbí Mac lè bi sáfà fúnra rẹ̀. Ẹ ṣí Terminal (fèrèsé tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà), kí ẹ sì tẹ:

openssl s_client -starttls smtp -crlf -connect mail.example.com:25

Bí ìsopọ̀ bá ti dúró, ẹ tẹ “ehlo ile”, kí ẹ tẹ Enter. Sáfà yóò to àwọn ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe sílẹ̀ ní ìlà-ìlà. Bí ọ̀kan nínú wọn bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “250-AUTH” tàbí “250 AUTH”, ó ń gba SMTP AUTH. Bí kò bá sí irú ìlà bẹ́ẹ̀, ẹ tẹ “quit” kí ẹ máa bọ̀ ní ìpele kejì.

Ìpele kejì: Ẹ tún ọ̀nà ìgbàwọlé ṣe

Ètò yìí dúró lórí gbígba lẹ́tà, nítorí náà bí ìgbàwọlé kò bá dán mọ́rán, kò sí bí ìfiránṣẹ́ yóò ṣe lọ. Àkáǹtì POP3 ni kí ẹ lò, kì í ṣe IMAP, ọ̀nà ìgbàwọlé mìíràn. IMAP máa ń wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, yóò sì jókòó síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Lórí ọ̀pọ̀ sáfà, àkókò tó wọlé ni a fi ń ka ìṣẹ́jú, nítorí náà ìṣẹ́jú yín yóò ti tán nígbà tí ẹ ṣì rò pé ẹ wà nínú ilé.

Ẹ fi orúkọ sáfà sí i, kí ẹ fi pọ́ọ̀tù sí 995, kí ẹ sì yan SSL/TLS. Ẹ má ṣe gba pọ́ọ̀tù 110 láìbò àyàfi bí sáfà náà kò bá ní òmíràn, nítorí pé ètò yìí yóò máa fi ọ̀rọ̀ aṣínà yín ránṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ ìgbà lóòjọ́, ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣọ́ Wi-Fi tí ẹ wà lórí rẹ̀ sì lè kà á.

Ìkìlọ̀ kan wà níbí tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. POP3 lè kó lẹ́tà kúrò lórí sáfà bí ó bá ti gbà á tán. Mo ti rí akọ̀wé kan tó tan ètò yìí ní ọ̀sán, tó délé ní ìrọ̀lẹ́, tó ṣí ímeèlì rẹ̀ lórí fóònù, tó sì bá àpótí rẹ̀ ní òfìfo. Ọkàn rẹ̀ fò lọ. Lẹ́tà ọdún mẹ́rin ni, gbogbo rẹ̀ sì ti lọ jókòó sórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ti ìlẹ̀kùn rẹ̀. Kò sí èyí tó sọnù, ṣùgbọ́n òun kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Nítorí náà, kí ẹ tó gba lẹ́tà kankan, ẹ wá ibi tí a ti ń sọ fún ètò náà pé kí ó fi ẹ̀dà sílẹ̀. Nínú Outlook, inú táàbù “Advanced” ni ó wà, “Leave a copy of messages on the server” ni wọ́n kọ síbẹ̀, kí ẹ fi àmì sí i. Nínú Thunderbird, “Leave messages on server” ni, lábẹ́ “Server Settings”. Nínú Claws Mail, òdìkejì ni wọ́n kọ: “Remove messages on server when received”, inú táàbù “Receive” ló sì wà, ẹ yọ àmì kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá yára kà á lè fi àmì sí i nígbà tó yẹ kí ó yọ ọ́.

Àyẹ̀wò: Ẹ gba lẹ́tà lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà, ẹ fi fóònù tàbí ojú ìwé ímeèlì orí íntánẹ́ẹ̀tì wò ó bóyá àwọn lẹ́tà náà ṣì wà lórí sáfà. Bí wọ́n bá wà, ẹ lè tẹ̀ síwájú.

Ìpele kẹta: Ẹ ṣètò ọ̀nà ìfiránṣẹ́

Orúkọ sáfà àti pọ́ọ̀tù ni kí ẹ fi síbẹ̀, bí alábòójútó ti sọ. Bí ẹ bá lè lo orúkọ kan náà fún ìgbàwọlé àti ìfiránṣẹ́, ẹ lò ó, kí ẹ má fi “pop.” sí ọ̀kan kí ẹ fi “smtp.” sí èkejì nítorí pé ó dára lójú. Ìdí ni pé orúkọ méjì lè gba ọ̀nà méjì: ọ̀kan lè gba IPv6, kí èkejì gba IPv4, irú àdírẹ́sì IP méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, àdírẹ́sì tí sáfà kọ sílẹ̀ nígbà tí ẹ wá gba lẹ́tà kì í ṣe èyí tí yóò rí nígbà tí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́. Yóò kọ̀ yín ní gbogbo ìgbà, kò sì ní sí ohun kankan lójú kọ̀ǹpútà tí yóò sọ ìdí rẹ̀ fún yín. Mo ti lo odidi ọ̀sán kan lórí irú rẹ̀ rí.

Ìpele kẹrin: Ẹ tan ètò “gbà kí o tó ránṣẹ́”

Ọ̀nà tí ètò ímeèlì kọ̀ọ̀kan fi ń ṣe èyí yàtọ̀, nítorí náà ẹ lọ tààrà sí èyí tí ẹ ń lò.

Outlook àtijọ́ ti Windows: Ẹ wọ “Control Panel”, ẹ ṣí “Mail”, ẹ tẹ “Email Accounts”, ẹ yan àkáǹtì POP náà, ẹ tẹ “Change”, lẹ́yìn náà “More Settings”, kí ẹ wá wọ táàbù “Outgoing Server”. Ẹ fi àmì sí “My outgoing server (SMTP) requires authentication”. Bí ẹ bá ti fi àmì síbẹ̀, ohun mẹ́ta yóò ṣí lábẹ́ rẹ̀, èyí àkọ́kọ́, “Use same settings as my incoming mail server”, ni yóò sì ti wà ní yíyàn fúnra rẹ̀. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà. Wọ́n á fi àmì sókè, wọ́n á rò pé ó ti tán, wọ́n á tẹ “OK”. Èyí àkọ́kọ́ yẹn SMTP AUTH ni, ohun tí sáfà yín kò gbọ́. Ẹ sọ̀kalẹ̀ sí ìkẹta, “Log on to incoming mail server before sending mail”, kí ẹ yan òun. Ọ̀kan ṣoṣo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó ṣeé yàn, nítorí náà bí ẹ bá ti yan ìkẹta, àkọ́kọ́ yóò kúrò.

Claws Mail: Ẹ ṣí àtúnṣe àkáǹtì yín, ẹ wọ “Send”. Ẹ yọ àmì kúrò lórí “SMTP Authentication (SMTP AUTH)”, kí ẹ fi àmì sí “Authenticate with POP3 before sending mail”. Lábẹ́ rẹ̀ ni ẹ ó ti rí “POP authentication timeout” pẹ̀lú àyè fún iye ìṣẹ́jú. Nọ́ńbà yìí kì í ṣe ohun tí ẹ lè fi sílẹ̀ bó ṣe wà. A ó padà sí i ní ìpele tó kàn.

Evolution: Ẹ ṣí àtúnṣe àkáǹtì, ẹ wọ “Sending Email”, ẹ fi àmì sí i pé sáfà ń béèrè ìjẹ́rìísí, kí ẹ sì yan “POP before SMTP” nínú àwọn irú tó wà níbẹ̀.

Thunderbird: Nínú Thunderbird, ọwọ́ ara yín ni ẹ ó fi tẹ̀ lé ètò náà. Ẹ wọ “Account Settings”, ẹ lọ sí “Outgoing Server (SMTP)”, ẹ tẹ “Edit”, kí ẹ fi “Authentication method” sí “No authentication”. Lẹ́yìn èyí, ní “Server Settings” àkáǹtì yín, ẹ fi àmì sí “Check for new messages at startup” àti “Check for new messages every”. Nígbà tí ẹ bá ti kọ lẹ́tà tán, ẹ má ṣe tẹ “Send”. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Enter pa pọ̀ kí lẹ́tà náà lọ dúró nínú “Outbox”. Ẹ wá tẹ “Get Messages”, ẹ dúró títí yóò fi gba lẹ́tà tán pátápátá, kí ẹ tó lọ sórí “Outbox” láti yan “Send Unsent Messages”. Ẹni tó bá tẹ méjèèjì léraléra láìdúró yóò rí i pé ìfiránṣẹ́ lè ṣáájú ìgbàwọlé parí, sáfà yóò sì kọ̀.

Àyẹ̀wò: Ẹ pa fèrèsé náà dé, kí ẹ tún un ṣí, kí ẹ sì wò ó bóyá ohun tí ẹ yàn ṣì wà níbẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu iye ènìyàn tó tẹ “Cancel” tàbí àmì X dípò “OK”, tí wọ́n sì ń wá ìdí tí nǹkan kò fi yí padà.

Ìpele karùn-ún: Ẹ jẹ́ kí àkókò bára mu

Ká ní sáfà yín ń rántí àdírẹ́sì fún ìṣẹ́jú 20. Bí ètò ímeèlì yín bá ń gba lẹ́tà ní gbogbo ìṣẹ́jú 30, ìṣẹ́jú 10 yóò máa wà láàárín tí ẹ kò ní lè fi nǹkan ránṣẹ́ bí ohunkóhun kò bá rán ètò náà lọ gba lẹ́tà ṣáájú. Ìlànà tí mo ń tẹ̀ lé ni pé kí àkókò ìgbàwọlé jẹ́ ìdajì iye tí sáfà ń rántí tàbí kí ó dín sí i: bí ó bá jẹ́ 20, ẹ fi sí 10, bí ó bá jẹ́ 60, 15 tó. Ẹ má ṣe sọ ọ́ di ìṣẹ́jú kan-kan nítorí ìbẹ̀rù, torí pé àwọn sáfà kan ń ti ìlẹ̀kùn mọ́ ẹni tó bá ń kàn án ní àkànjù.

Fún Claws Mail, nọ́ńbà “POP authentication timeout” ni iye ìṣẹ́jú tí ètò náà yóò fi gbà pé sáfà ṣì rántí yín, tí kò sì ní tún lọ gba lẹ́tà kí ó tó ránṣẹ́. Ó gbọ́dọ̀ kéré sí iye ti sáfà. Bí sáfà bá ń gbàgbé lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10 tí ẹ sì fi 30 síbẹ̀, ètò náà yóò máa fi ìgboyà ránṣẹ́ sí sáfà tí kò mọ̀ ọ́n mọ́. Ẹ yọ ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta kúrò nínú ti sáfà, kí ẹ fi ìyókù síbẹ̀.

Lẹ́tà tó gùn ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ẹ lè gba lẹ́tà ní agogo mẹ́wàá, kí ẹ jókòó kọ èsì fún ogójì ìṣẹ́jú, kí ẹ wá tẹ bọ́tìnnì. Bí ètò yín kò bá gba lẹ́tà fúnra rẹ̀ láàárín ìgbà yẹn, àkókò ti kọjá. Lẹ́tà náà kò sọnù. Inú “Outbox” ni yóò wà. Ẹ gba lẹ́tà lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ tún un fi ránṣẹ́.

Ìpele kẹfà: Ẹ dán an wò bó ṣe yẹ

Ìdánwò tí gbogbo ènìyàn ń ṣe ni kí wọ́n kọ lẹ́tà sí ara wọn, kí ó wọlé, kí inú wọn sì dùn. Ìdánwò yẹn kò fi ohunkóhun hàn. Lẹ́tà tó ti orí sáfà yín lọ sí ẹni tó wà lórí sáfà kan náà kò kan ọ̀rọ̀ relay rárá. Ará ilé ni ó ń kọ̀wé sí ará ilé, ọlọ́dẹ kò ní béèrè ohunkóhun. Nítorí èyí, bọ́tìnnì “Test Account Settings” inú Outlook pẹ̀lú lè tan yín jẹ, nítorí pé àdírẹ́sì yín gan-an ni ó ń fi lẹ́tà ìdánwò ránṣẹ́ sí. Ẹ lè rí àmì aláwọ̀ ewé méjèèjì níbẹ̀, kí lẹ́tà yín sí oníbàárà tún wá padà lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ohun tí ẹ ó ṣe nìyí:

1. Ẹ pa ètò ímeèlì pátá, lórí kọ̀ǹpútà náà àti lórí ẹ̀rọ mìíràn tó wà lórí Wi-Fi kan náà. Fóònù yín lè ti gba lẹ́tà láti àdírẹ́sì IP yẹn, kí ó sì ti bá yín ṣílẹ̀kùn láìmọ̀.
2. Ẹ dúró kí àkókò tí sáfà ń rántí kọjá, kí ẹ fi ìṣẹ́jú díẹ̀ lé e.
3. Ẹ ṣí ètò ímeèlì, ẹ kọ lẹ́tà kúkúrú sí àdírẹ́sì kejì yẹn, èyí tó wà ní ibòmíràn, kí ẹ fi ránṣẹ́. Ẹni tó ń lo Thunderbird yóò kọ́kọ́ tẹ “Get Messages”.
4. Ẹ lọ ṣí àdírẹ́sì kejì, kí ẹ wo Inbox rẹ̀ àti àpótí spam.

Bí ó bá dé, ètò yín ń ṣiṣẹ́. Bí kò bá dé, ẹ fi ọwọ́ dán an wò, kí ẹ lè mọ̀ bóyá sáfà ló ní ìṣòro tàbí ètò ímeèlì. Ní Terminal, ẹ kọ́kọ́ lọ gba lẹ́tà:

openssl s_client -quiet -crlf -connect mail.example.com:995

Ẹ tẹ “user” àti orúkọ ìwọlé yín, kí ẹ tẹ Enter. Ẹ tẹ “pass” àti ọ̀rọ̀ aṣínà yín. Ọ̀rọ̀ aṣínà náà yóò hàn lójú kọ̀ǹpútà, nítorí náà ẹ má ṣe é níwájú ènìyàn. Èsì tí ẹ ń retí ni “+OK”. Bí ó bá jẹ́ “-ERR”, ìgbàwọlé gan-an ni kò lọ. Ẹ tẹ “quit”. Kíákíá, ẹ tún lo àṣẹ pọ́ọ̀tù 25 tó wà ní ìpele kìíní, kí ẹ sì tẹ àwọn ìlà yìí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan:

ehlo ile
mail from:<orukọ yín@example.com>
rcpt to:<àdírẹ́sì kejì yín>

Lẹ́tà kékeré ni kí ẹ fi tẹ “rcpt”, kì í ṣe ńlá. Nínú openssl, ìlà tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú R ńlá jẹ́ àṣẹ fún openssl fúnra rẹ̀, kò ní dé ọ̀dọ̀ sáfà, ìsopọ̀ sì lè dàrú. Bí sáfà bá fi 250 dáhùn ìlà kẹta, ó ti gbà yín wọlé. Inú ètò ímeèlì ni àṣìṣe wà, ẹ padà sí ìpele kẹrin. Bí ó bá fi 550, 553 tàbí 554 dáhùn, sáfà kò dá yín mọ̀, ẹ ka apá tó kàn. Ẹ tẹ “quit”, lẹ́tà kankan kò ní lọ.

Bí ó bá ń ṣiṣẹ́ lónìí tí kò ṣiṣẹ́ lọ́la

Nígbà tí ìṣètò bá péye tí ìfiránṣẹ́ sì ń kùnà ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, àdírẹ́sì IP ni kí ẹ fura sí. Mo jókòó ti òṣìṣẹ́ kan ní Abẹ́òkúta lọ́jọ́ kan. Ó gba lẹ́tà ní agogo mọ́kànlá kọjá díẹ̀, lẹ́tà mẹ́ta wọlé. Ó ń kọ èsì lọ́wọ́ ni iná lọ. Bátìrì láptọ́ọ̀pù gbé e, kò dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ Wi-Fi ti kú. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ Wi-Fi padà wá, ó parí èsì rẹ̀, ó tẹ “Send”, sáfà sì kọ̀ ọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ péré ló ti kọjá, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sì ni sáfà yẹn ń rántí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé nígbà tí ẹ̀rọ Wi-Fi tún wọ íntánẹ́ẹ̀tì, àdírẹ́sì IP mìíràn ni wọ́n fún un. A gba lẹ́tà lẹ́ẹ̀kan sí i, èsì náà sì jáde lójú ẹsẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí pé bí iná bá lọ tó sì dé, kí wọ́n kọ́kọ́ gba lẹ́tà.

Ẹni tó ń lo dátà fóònù yóò rí èyí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí nẹ́tíwọ̀kì bá já tó tún padà, àdírẹ́sì lè yí padà. Àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù sì tún máa ń kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sábẹ́ àwọn àdírẹ́sì díẹ̀ tí gbogbo wọn jọ ń lò, nígbà mìíràn ìsopọ̀ méjì láti orí láptọ́ọ̀pù kan náà lè gba ẹnu ọ̀nà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ jáde. Níbi tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, POP before SMTP kò lè dúró déédéé, kò sí ìṣètò tí ẹ lè ṣe sí i. Ẹ jà fún SMTP AUTH lọ́dọ̀ alábòójútó yín. VPN (ètò tó ń mú kí ìsopọ̀ yín gba ibòmíràn jáde) pẹ̀lú ń fa irú rẹ̀: bí ẹ bá tàn án tàbí pa á láàárín ìgbàwọlé àti ìfiránṣẹ́, ẹ ti yí àdírẹ́sì padà.

Gbígba lẹ́tà lójú ìwé ímeèlì orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í ṣí ìlẹ̀kùn fún ètò tó wà lórí kọ̀ǹpútà yín. Sáfà ojú ìwé náà ló lọ gba lẹ́tà nígbà yẹn, àdírẹ́sì tirẹ̀ ló sì fi lọ. Bákan náà ni kíka lẹ́tà lórí fóònù tó wà lórí dátà kò ṣe láptọ́ọ̀pù tó wà lórí Wi-Fi ọ́fíìsì ní àǹfààní kankan.

Nítorí pé àdírẹ́sì ni sáfà ń rántí, gbogbo ẹni tó bá jọ ń lo àdírẹ́sì yẹn pẹ̀lú yín ni ìlẹ̀kùn ṣí fún títí ìṣẹ́jú náà yóò fi pé. Nínú ilé yín, kò burú. Ní ilé ìtura, ní pápákọ̀ òfuurufú, tàbí níbi tí wọ́n ti ń ta Wi-Fi fún gbogbo ayé, kọ̀ǹpútà àjèjì tí kòkòrò ti wọ̀ lè gba ọ̀dọ̀ sáfà yín fi spam ránṣẹ́, wọ́n á sì fi orúkọ sáfà yín sínú àkójọ àwọn tí a kì í gba lẹ́tà wọn. Ní irú ibẹ̀, ẹ yọ àmì ìgbàwọlé aládàáṣe kúrò, kí ẹ sì lo ojú ìwé ímeèlì orí íntánẹ́ẹ̀tì láti fi kọ lẹ́tà yín títí ẹ ó fi délé.

Bí ẹ bá ti tẹ̀ lé gbogbo èyí tí sáfà ṣì ń kọ̀ yín, ẹ kọ̀wé sí alábòójútó, ẹ má ṣe kọ “ímeèlì mi kò lọ” nìkan. Ẹ kọ agogo tí ẹ gba lẹ́tà, agogo tí ẹ gbìyànjú láti fi ránṣẹ́, àdírẹ́sì IP yín ní agogo méjèèjì, àti ọ̀rọ̀ tí sáfà sọ láìyọ nǹkan kan kúrò. Àkọsílẹ̀ sáfà wà níwájú rẹ̀. Pẹ̀lú agogo méjèèjì àti àdírẹ́sì méjèèjì, yóò lè rí i bóyá sáfà kò kọ yín sílẹ̀ ni tàbí ó ti tètè pa yín rẹ́.